Ìlọ́po Méjì Lọ́nà Ọgbọ̀n

"Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, Bàbá," ni Mọ́nsúrù wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ohun tó ti kọ sórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò.

Bàbá Àdìjátù ò ní kó kọ ọ́, kò sì ní kó má kọ ọ́. Àgbẹ̀ ni bàbá náà ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ mọ̀míǹmọ̀ọ́. Ọjọ́ náà ni ìyá àgbà kan láti Ìgbẹ́tì, tó ń ki Mọ́nsúrù ọkọ ìyàwó lọ́wọ́, ṣàdédé dákẹ́, tó ní ọmọ bàbá kan náà ni baba ńlá ọkọ àti baba ńlá ìyàwó. Àáfà ní ẹ̀sìn ò ka ìyẹn léèwọ̀. Bàbá ní àwọn baba òun kà á.

Olùkọ́ ìṣirò ni Mọ́nsúrù, àìsàn àwọn olùkọ́ ìṣirò sì ń ṣe é: bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ pa á lẹ́kún, ṣọ́ọ̀kì ló máa ń wá.

"Òbí méjì ló bí Àdìjátù," ó ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. "Àwọn méjì yẹn ní òbí mẹ́rin. Àwọn mẹ́rin ní mẹ́jọ. Tá a bá ṣe é dé ìran ọgbọ̀n sẹ́yìn, iye wọn rèé."

Ó kọ 1,073,741,824. Nọ́ńbà náà gùn láti ẹsẹ̀ àga Bàbá títí dé ibi tí ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sí.

Bàbá wò ó títí, ó ní kó pè é fún òun. Mọ́nsúrù ní bílíọ̀nù kan ni, ó lé mílíọ̀nù mẹ́tàléláàádọ́rin, ó sì tún lé.

"Gbogbo Òkè-Ògùn láyé ìgbà náà, ṣé wọ́n tó ìdajì ìdajì èyí?" ni Bàbá bi í. "Níbo ni wọ́n ń sùn?"

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, sà. Wọn ò tó. Àwọn èèyàn kan náà là ń kà lákàtúnkà. Gbogbo wa la tan. Ẹ̀yin àti màmá gan-an tan."

Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Bàbá wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ìyàwó rẹ̀ wà, bí ẹni tó ń wo àlejò. Bí gbogbo ayé bá tan, ó ní, ta wá ni èèwọ̀ náà wà fún? Àbí gbogbo wọn ti jẹ èèwọ̀ tán láìmọ̀? Mọ́nsúrù tún wo nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rò ó débẹ̀ rárá. Orí òun náà ti dàrú.

"Ẹrù tó bá wúwo, pípín là á pín in," ni Bàbá wí níkẹyìn. "Pín in sí mẹ́ta."

Kò ṣeé pín sí mẹ́ta. Kò ṣeé pín sí márùn-ún tàbí méje kí nǹkan má ṣẹ́ kù. Méjì ló gbà. Mọ́nsúrù pín in sí méjì, ó tún un pín, ó ń fà sẹ́yìn lórí sìmẹ́ǹtì, nọ́ńbà ń kúrú sí i, títí ó fi di mẹ́rin, ó di méjì, ó di oókan.

"Ta ni oókan yìí?"

"Àdìjátù ni, sà."

"O ti bi í?"

Ojú ti Mọ́nsúrù. Ó ti bi àáfà, ó ti bi ọ̀gá rẹ̀ níléèwé, ó ti bi fóònù. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Àdìjátù ń bó ẹ̀gúsí níbẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo ti ń retí kí ẹnì kan bi mí," ó ní, kò gbójú sókè. "Mi ò mọ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá wò yín báyìí, imú bàbá mi ni mò ń rí. Ó sì jọ pé mo ti ń rí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bóyá torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn yín."

Mọ́nsúrù ti ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bu ẹ̀gúsí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, ó ń fọ́ ọ ju bó ṣe ń bó o lọ. Àdìjátù ò lé e. Nígbà tó yá, ó ti igbá ẹ̀gúsí náà sí àárín àwọn méjèèjì.