Ohùn Ìbọn Lórí Fóònù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní àdúgbò Narayi, ní àríwá Nàìjíríà, ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Kánádà ń fọ̀rọ̀ wá Folúṣadé lẹ́nu wò lórí fóònù. Ó fẹ́ gba ẹni tí yóò máa ti Nàìjíríà dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ìbọn tó dún níta.

“Kí ló dún yẹn?” ni ọkùnrin náà béèrè.

Àyà Folúṣadé já. Ta ni yóò gbà á síṣẹ́ bó bá sọ òótọ́?

“Wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ni, sà.”

Ìyá rẹ̀ já wọ yàrá. “Folú, dojú bolẹ̀! Àwọn agbébọn ti wọ àdúgbò!”

Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ohùn Màmá ṣe ń gbọ̀n.

“Má sọ̀rọ̀ mọ́,” ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́. “Mi ò ní pa fóònù.”

Ẹnìkan mi ilẹ̀kùn wọn jìgìjìgì, ó sì kọjá lọ. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àwọn sójà dé, tí ìbọn sì dákẹ́.

“Ṣé kò sí ohun tó ṣe yín?” ọkùnrin náà béèrè. 

“Kò sí, sà,” ni Folúṣadé dáhùn.

“Bó ti wù kó rí, mo ti gbà ọ́ síṣẹ́.”

Folúṣadé dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dìde nílẹ̀. Màmá ṣì di apá rẹ̀ mú pinpin.