Ẹ̀jẹ́ Khamsouk

Àwọn àlejò tó wá wo tẹ́ńpìlì Si Muang ní Vientiane ń ya Khamsouk ní fọ́tò bó ṣe ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn lọ síwájú òkúta àdúrà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ ohun tó tọrọ ló ń san irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn díẹ̀ jàre," ni ẹni tó ń mú wọn kiri wí. "Kí lẹ tọrọ?"

"Kí ọmọ mi kúrò ní Bangkok, kó padà wálé."

"Ó ti dé?"

"Ó dé lánàá."

"Ẹ kú oríire!"

Òkúta kúkú ṣe tiẹ̀. Khamsouk ni kò rántí sọ pé kó gbé e bọ̀ láàyè. Ó kúnlẹ̀, ó rọra gbé ìkòkò eérú òkú ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun."