Alùpùpù Tísà

Ohun tó kọ́kọ́ fu Àǹtí Abẹ́rẹ́ lára ni pé ẹni tó ń ta alùpùpù náà ò purọ́. Ọlọ́jà wo ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà rẹ̀ jẹ́? Àǹtí Abẹ́rẹ́ àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì wọ àgbàlá tán tí Tísà tó ni ọjà ti nawọ́ sí máṣíìnì lábẹ́ páànù.

"Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bi mí. Ó ti ní jàǹbá rí. Àbúrò mi ló fi kọ lu ògiri gọ́tà lọ́dún tó kọjá, gbogbo iwájú ẹ̀ ló rún."

Ó yọ ìwé kan tó ti ń ya lójú ìṣẹ́po jáde. "Rìsíìtì nìyí. Ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, tuntun ni mo ní kí wọ́n fi sí i. Àbúrò mi ló gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó tó rìnrìn àjò. Èmi ò mọ ojú ẹni tó ṣe é."

Ṣọ́ọ̀kì iwájú ni irin méjì tó di táyà iwájú mú. Bó bá kán lórí eré, ẹni tó gun alùpùpù ti balẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń ṣubú. Àǹtí Abẹ́rẹ́ gba ìwé, ó kà á, ó dá a padà, ó sì ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé baba yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó fẹ́ fi irọ́ ńlá pamọ́ ló ń kọ́kọ́ fi òtítọ́ kékeré síta.

Kì í ṣe fáàrí ló gbé e wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ọmọ náà ló sọ ọ́ lórúkọ, bí wọ́n bá sì ti rí i lókèèrè, eré burúkú ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní abúlé márùn-ún lódìkejì odò. Inú kúlà oníyìnyín ni oògùn náà ń gbé. Bó bá fẹsẹ̀ rìn, yìnyín á ti domi kó tó dé abúlé kẹta, oògùn á sì bàjẹ́. Bí kò bá rí ohun gùn títí di ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún. Ọdún mẹ́rin ló fi bẹ̀bẹ̀ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹ jẹ ló ṣe mú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Mẹkáníìkì ni. Afetísílẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí bó ṣe máa ń di ojú méjèèjì bó bá ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé lásán, bẹ́ ẹ bá gbé e wá, á dùbúlẹ̀ gbalaja sílẹ̀ wo ìdí ẹ̀. Lónìí, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ nínú àpò. Ó tẹ máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan, ó pa á.

"Ó dára. Rà á."

"Bọ̀dá, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ wò ó."

"Kí ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò? Ojú mi ò kúkú fọ́."

Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì mú. Àǹtí Abẹ́rẹ́ wò ó, ó wo Tísà. Àbí àwọn méjèèjì ti jọ ṣètò lẹ́yìn òun ni? Ṣùgbọ́n Tísà kí Afetísílẹ̀ bí àlejò, ó tiẹ̀ béèrè ibi tó ń gbé. Ìfura tó gbé wá fún Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ó sì ń yí sí ibi tí kò fẹ́ kó yí sí.

Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò mọ ẹ́ńjìnì, àmọ́ ó mọ bí egbò tó jinná ṣe ń rí. Ó wo ọ̀dà, ó wo bóòtù, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó na ọwọ́ sábẹ́ iná iwájú ni ìka rẹ̀ kan wáyà tí wọ́n fi so okùn bíréèkì mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n lọ́ ọ nígbà mẹ́ta, wọ́n wá ká ẹnu ẹ̀ padà sínú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, débi pé kò gún un lọ́wọ́ rárá.

Ó mọ wáyà yẹn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹnu wáyà kan lára alùpùpù Afetísílẹ̀ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ya ní ojúgun, Àǹtí Abẹ́rẹ́ gan-an ló sì rán ojú egbò náà. Látìgbà náà ni àna rẹ̀ ti búra pé wáyà kankan ò ní yọ ẹnu síta lábẹ́ ọwọ́ òun mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣe ló ń rán wáyà bí ẹni ń rán ṣòkòtò. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti rí máṣíìnì yìí rí?"

"Èmi kẹ̀? Níbo?"

Àtúnṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá tún nǹkan ṣe tó dára, ṣe ló máa ń pariwo pé iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ṣùgbọ́n kò bá a jà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Ẹ fi máṣíìnì yìí lọ gbé ẹ̀gbọ́n mi wá nílé, kó wá bá mi wò ó. Bẹ́ ẹ bá ti fi gbé e dé ibí, owó ti dọ́wọ́ Tísà nìyẹn."

Oyún oṣù méje ló wà nínú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ gbà," ni Tísà wí, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Afetísílẹ̀ wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo táyà iwájú. Kò gbà á.

"Kò lè gùn ún," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta ni ò lè gùn ún?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Èmi wá ńkọ́, bọ̀dá? Èmi lè gùn ún?"

Tísà ni Afetísílẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo tún un ṣe. Mi ò ra tuntun. Iná ni mo fi na èyí tó wọ́, mo wá kun ún lọ́dà. Mo rò pé ó máa gbé e."

Tísà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo rìsíìtì náà níwájú, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ǹ bá ti búra fún ọmọbìnrin yìí o pé tuntun ni," ló ń sọ. "Ǹ bá ti fi ẹnu ara mi búra fún un."

Ojú ti Àǹtí Abẹ́rẹ́, torí gbogbo ohun tó ti rò nípa baba náà. Ó tọrọ gáfárà, ó jáde. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Afetísílẹ̀ bá a níta, ó ti tẹ alùpùpù tirẹ̀, èyí tó fi gbé e wá.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Màá bá ẹ wá èyí tó dáa kó tó di ọjọ́ Ajé. Ó yá, gùn ún."

Kò gùn ún. Ó lọ síwájú alùpùpù náà, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ara ṣọ́ọ̀kì ń dán bíi ti alùpùpù Tísà. Wáyà tó so okùn bíréèkì ti ká ẹnu padà sínú, ó tẹ́ pẹlẹbẹ. Èyí ló ń gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri lójoojúmọ́.

"Bọ̀dá, ta ló tún ti èyí ṣe?"

"Èmi ni," ló dáhùn, kó tó ronú.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹ máa lọ. Màá fẹsẹ̀ rìn."

Kò kọrí sí ilé tirẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ.