Felix Yóò Jáde Lórí Tẹlifíṣọ̀n ní Sátidé

Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fi Felix hàn nínú fíìmù. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Jesse, òyìnbó tó ń ya fíìmù náà, gbé e wá bá mi nílé ní Fairwood, lókè òkun níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ní kó mú bírò wá.

Fíìmù àwọn tó ń fi pàǹtírí ṣiṣẹ́ ọnà ni. Felix, àbúrò mi, ló fi ìdérí ìgò ṣe àwòrán àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù sára ògiri pápá ní Hillcrest Heights. Jesse ti ń yà á tipẹ́ kó tó di ọjọ́ tí Felix ṣubú lulẹ̀ nídìí ògiri náà tí kò sì dìde mọ́.

Ó ti di ọdún méjì. Màámi ní Ìbàdàn ò gbọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, ta ló fẹ́ sọ fún un pé àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti kú? Gbogbo ẹbí ló fẹnu kò pé ká má sọ. Tó bá béèrè, Felix wà níbi iṣẹ́. Tó bá bínú, Felix ti sọ fóònù nù. Mo parọ́ náà débi pé èmi gan-an máa ń wo fóònù mi, bóyá ó pè.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polówó fíìmù náà lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo pe Jesse pé kó yọ ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ikú Felix.

"Ó ti parí, Morọ́láyọ̀. Sátidé ni. Ṣé ìyá yín ò tíì mọ̀ ni?"

Ó béèrè bíi pé ìkà ni mí. Inú bí mi. Kí ló mọ̀ nípa wa? Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ọsibítù nígbà tí Màámi pè.

"Láyọ̀, Délé fi Felix hàn mí lórí fóònù."

Ayálégbé wọn ni Délé, kò mọ nǹkan kan.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rò pé ọmọ mi kú, pé ẹ kàn ń fi í pamọ́ fún mi ni. Mo ti sunkún rẹ̀ tán nínú yàrá, kẹ́ ẹ má bàa mọ̀ pé mo mọ̀. Àṣé ó wà láyé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lẹ nǹkan mọ́ ògiri. Ẹ má bínú pé mo pè yín ní onírọ́ nínú ọkàn mi. Délé ní odindi fíìmù náà ń bọ̀ ní Sátidé, a jọ máa wò ó. Mo ti sọ fún Fíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ Ìsinmi ni ìdúpẹ́."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ṣì mọ̀ ọ́n báyìí.

"Felix náà dà? Fún un ní fóònù."

Mo lanu.

"Ó wà níbi iṣẹ́, mà."