Ta Ló Kọ Ìwé Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀?

“Olè! Èmi Memunat, olè!”

Belema, ọmọ Kalabari tí tábìlì rẹ̀ kángun sí ti Memunat ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Onne, dá ṣíbí ìrẹsì rẹ̀ dúró. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé Port Harcourt tí kò ní dá ìbínú mọ̀ bó bá rí i?

“My sister, wetin happen?”

“Dem say I thief book.”

“Which book? Who write am?”

“Na me write am!”

Belema na ọrùn wo ìkìlọ̀ pupa tó bo ojú kọ̀ǹpútà náà. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. “So you thief your own self? Abeg, chop your food.”

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí Memunat ti ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán kọ nǹkan sínú ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí ẹlòmíràn sì lè wá tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó ń fún un ní kọ́bọ̀. Àkọsílẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ti gbé síbẹ̀ ní èdè Yorùbá: lórí ẹja, lórí ibà, lórí àwọn ìlú kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò kọ nípa wọn rí. Níbi iṣẹ́, ìwé ẹrù ló ń tò. Nílé, àwọn ọmọ mẹ́ta tó bí ń fi Pidgin dá a lóhùn bó bá fi Yorùbá kí wọn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní òǹkọ̀wé, ó sì dùn mọ́ ọn nínú ju bó ṣe ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé èyí tó fẹ́ràn jù síbẹ̀, ìyẹn ìtàn àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Kwara tó wá fi Rumuokwurushi ṣe ilé. Alábòójútó kan tó ń jẹ́ Adégbénga, tó ń gbé Ìbàdàn, ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ti ìwé pẹlẹbẹ kan mu láti òkè délẹ̀. Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò náà ló tẹ ìwé ọ̀hún lọ́dún 2013, ẹnìkan sì ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ òǹkọ̀wé tó wà níwájú rẹ̀ ni Alhaji Nọ́fíù, alága ẹgbẹ́.

Ohun tí Adégbénga kò mọ̀ ni pé Memunat ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́dún náà. Òun ló lọ bá àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tó jókòó tì wọ́n, tó kọ ìwé náà láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ní Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀, ohunkóhun tí akọ̀wé bá kọ, orúkọ alága ló ń jẹ́. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé èéṣe. Lọ́jọ́ tí ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, Memunat fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ Alhaji síwájú. Ó tún fi ìlà kan sí i tó ti rí nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn, torí lójú tirẹ̀, ìwé gidi ló ń ní irú rẹ̀: “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kọ láìgba àṣẹ òǹkọ̀wé.” Àfọwọ́fà, ta ni èèyàn fẹ́ fi í sùn? Ìlà yẹn gan-an ni Adégbénga gé, tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìkìlọ̀ pupa náà.

Memunat pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìkìlọ̀ náà kó tó di pé àkókò oúnjẹ tán, ó ní òun kò jalè.

“Ẹ má bínú, ma. Mo gbà yín gbọ́,” ni Adégbénga wí. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ tìtìjú-tìtìjú. “Ṣùgbọ́n òfin kò béèrè bóyá èmi gbà yín gbọ́. Orúkọ Alhaji ló wà níwájú ìwé. Àfi kí àwọn fúnra wọn kọ ímeèlì pé àwọn yọ̀ǹda.”

“Bí mo bá ní èmi ni mo kọ ọ́ ńkọ́?”

“Ìyẹn náà ní wàhálà tirẹ̀, ma. Ìwé yẹn lẹ fi ṣe ẹ̀rí ohun tẹ́ ẹ kọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ ń jẹ́rìí fún ara yín.”

“Àwọn àgbà tó sọ ìtàn náà fún mi ńkọ́? Wọn kì í ṣe ẹlẹ́rìí?”

“Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ wa, ma, àfi èyí tí wọ́n bá tẹ̀ jáde.”

“Adégbénga, gbọ́ ohun tí ò ń sọ. Bí n kò bá kọ ìwé náà, olè ni mí. Bí mo bá kọ ọ́, ẹ̀rí mi kò jẹ́ nǹkan kan.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ bá mi wá ímeèlì Alhaji kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá dé, wọ́n máa pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọgọ́ta yòókù wò bóyá ẹ jí wọn náà. Èmi nìkan kọ́ ni mo ń pàṣẹ.”

Nígbà tó délé tó rò ó fún Afeez ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe fèrèsé alumíní, onítọ̀hún kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń yọ bàtà.

“Ṣé ohun tó ń lé ẹ kiri nìyẹn? Pe Baba. Kúnlẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ta ló fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́?”

“Èmi mọ̀.”

“Ìwọ nìkan kò pé ìpàdé, Memu.”

Ó pe Alhaji lóòótọ́. Baba yọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní kó wá rí àwọn lọ́jọ́bọ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Ẹ̀gbẹ́ títì East-West Road ni ṣọ́ọ̀bù táyà Alhaji Nọ́fíù wà. Baba ti lé ní àádọ́rin ọdún, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, kò sì sí ìsọmọlórúkọ ọmọ Yorùbá kan ní Rumuokwurushi tí wọn kì í dé. Memunat kúnlẹ̀ kí wọn lórí ilẹ̀ tó dúdú fún eruku táyà.

“Dìde, ọmọ mi. Ṣé Afeez wà dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“A dúpẹ́, sà.”

“Mo ti ní kí wọ́n bá mi tẹ ohun tí o fẹ́ sínú fóònù. Ìwọ ni kó o wá fi ránṣẹ́, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.” Wọ́n na fóònù sí i. Inú wọn dùn, ó hàn lójú wọn.

Memunat kà á. *Èmi, Alhaji Nọ́fíù, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀, yọ̀ǹda fún Memunat, ọmọ ẹgbẹ́ wa, láti lò ó.* Ó tún un kà. Ìka kan péré ló kù: bó bá tẹ̀ ẹ́, ìkìlọ̀ pupa á kúrò, ọgọ́ta àkọsílẹ̀ á bọ́, Adégbénga á sì máa pè é ní ma lọ. Ó rántí òpó tó fẹ̀yìn tì nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn àgbà, àti bí oyún oṣù méje ṣe wà nínú òun nígbà tí òun ń tọ̀ wọ́n kiri. Ọwọ́ ara ta ni wọ́n fi kọ ọ́?

Ó pa ibì kan rẹ́, ó kọ òmíràn síbẹ̀, ó sì kà á sókè kí Baba gbọ́. “Èmi, Alhaji Nọ́fíù, alága Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀, jẹ́rìí pé Memunat ni ó kọ ìwé ẹgbẹ́ wa nígbà tó jẹ́ akọ̀wé.” Ó gbójú sókè. “Ṣé kí n tẹ èyí, sà?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Alhaji. “Kí nìyẹn?”

“Òótọ́ ni, sà.”

“Ọdún kọkànlá rèé tí àwọn èèyàn ti ń kí mi fún ìwé yẹn. Àwọn onílẹ̀ ibí gan-an kí mi. Kí n wá jáde lónìí kí n ní èmi kọ́? Kí ni wọ́n máa pè mí?” Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wá rọ ohùn. “Memunat, iṣẹ́ akọ̀wé ni kó kọ̀wé. Télọ̀ tó rán aṣọ yìí fún mi, ṣé orúkọ rẹ̀ ni mò ń gbé kiri láyà?”

“Ó ń bẹ lọ́rùn aṣọ, Alhaji. Gbogbo télọ̀ ló ń lẹ orúkọ wọn mọ́ ibẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ọwọ́ Baba ti ń lọ sí ẹ̀yìn ọrùn kó tó di pé wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀. Ojú tì wọ́n, ìtìjú náà sì di ìbínú.

“Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù,” ni wọ́n wí.

Àwọn tó ń gbé táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń pariwo, ṣùgbọ́n Memunat kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn gbólóhùn yẹn. Inú bí i débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, kò sì jẹ́ kó bọ́. Ó tún ṣí fóònù náà, ó pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ti Alhaji àti tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù náà padà fún Baba bó ṣe yẹ kí ọmọ gbé nǹkan fún àgbà.

“N kì í ṣe ẹrú yín, Alhaji. Akọ̀wé yín ni mo jẹ́. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.”

“Memunat! Bó o bá jáde níbí láìgba ìyọ̀ǹda mi yìí, má padà wá mọ́ o!”

Kò padà. Ó wọ kẹ̀kẹ́ délé, Afeez ní ó ti ya wèrè, Memunat ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Belema rí i tó ń tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń gún iyán.

“The old man don sign?”

“E no sign.”

“Ah! So wetin you go do now? Beg the Ibadan boy?”

“I no dey beg anybody.”

Ojú ibi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń jiyàn ló wà, níbi tí gbogbo wọn lè kà. Ó ti kọ ọ́ gùn, ó ti gé e kúrú, ó ti yọ èébú méjì tó tọ́ sí Alhaji kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù nìyí:

*Èmi ni mo kọ ìwé tí ẹ ní mo jí. Orúkọ ẹlòmíràn wà níwájú rẹ̀ nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ wa nìyẹn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo ti fi tọrẹ, n kò gbà á padà. Ṣùgbọ́n n kò ní fi irọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N kò ní ìwé àṣẹ kankan láti fi hàn yín. Ẹ tú ọgọ́ta yòókù wò, ẹ tú wọn dáadáa, ọ̀nà tí mo gbà ń sọ̀rọ̀ wà nínú gbogbo wọn. Ní ti èyí, ẹ pa á rẹ́. Màá fi ọ̀rọ̀ tuntun kọ òmíràn. Ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè.*

Láti ọdún mẹ́fà, orúkọ ìnagijẹ ni Memunat ń lò níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sísàlẹ̀, ó kọ ti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì fi ránṣẹ́.