Ilẹ̀ Gbígbẹ fún Ọmọ́yẹni

Bí ọmọ bá ṣáájú àwọn òbí rẹ̀ kú nílẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà ló ń sin ín. Bàbá rẹ̀ kì í dé ibẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ibojì náà hàn wọ́n títí ayé. Ẹni tó bá sọ pé ìwà ìkà nìyẹn kò tíì rí ìyá tó ń lọ jókòó sórí ilẹ̀ láràárọ̀, tó ń bá erùpẹ̀ sọ̀rọ̀. Àṣà yìí bá àwọn èèyàn wa wọ ọkọ̀ òfurufú dé Houston. Ní ọdún 1981, nígbà tí àìsàn ọjọ́ díẹ̀ mú Ọmọ́yẹni lọ, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, Alhaji Ládépọ̀ àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ló gbé e kúrò lọ́wọ́ Hajarat ìyá rẹ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi ọmọ mìíràn rọ́pò. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Hajarat kò bèèrè. Moshood ọkọ rẹ̀ náà kò bèèrè. Bí Hajarat bá ń wakọ̀ lọ lórí freeway, tí ó rí pápá kan tó ní igi, ọkàn rẹ̀ á sọ pé bóyá ibí ni, á sì tẹ iná mọ́tò kí pápá náà lè tètè kọjá. Bí ó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti ń mọ́ ọn lára.

Iṣẹ́ tó ń ṣe, kì í rọrùn láti ṣàlàyé fún èèyàn. Ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun ń gbẹ́ ilẹ̀ l'Amẹ́ríkà, àwọn yẹn sì bá a kẹ́dùn pé kò ríṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni. Òun àti àwọn ará yunifásítì á gbé ẹ̀rọ lọ sí etí ọ̀sà ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ Houston, wọ́n á ti páìpù irin wọ ilẹ̀, bí ẹni fi páìpù gún ẹ̀kọ, wọ́n á sì fà á jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ nínú rẹ̀. Erùpẹ̀ òkè ni tuntun, ti ìsàlẹ̀ ni àtijọ́. Hajarat lè fi ìka méjì ra amọ̀ kó sọ ibi tí wọ́n ti bù ú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984, ní ọ̀sán Sátidé kan, Alhaji Ládépọ̀ dá wakọ̀ láti Sugar Land wá sí apartment wọn ní Southwest. Moshood wà níbi iṣẹ́ ní Deer Park. Hajarat bu ìrẹsì fún un, Alhaji ní òun ti yó. Ọkùnrin tí kì í kọ ìrẹsì nílé ẹnikẹ́ni! Ó jókòó, ó ń fọwọ́ pa orúnkún, ó sì béèrè bóyá ilẹ̀ tó wà ní etí ọ̀sà yẹn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, pàápàá láti ìgbà tí ìjì ńlá oṣù kẹjọ ti jà.

Hajarat rò pé bàbá fẹ́ ra ilẹ̀ láti fi kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ni, bí àwọn olówó ṣe máa ń ṣe. Inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe níbi iṣẹ́ nínú gbogbo ẹgbẹ́. Ó tẹ́ máàpù rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ó ní ìgbà kan wà, ó ti pẹ́ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè pìtàn rẹ̀, tí òtútù mú ayé débi pé yìnyín bo gbogbo apá àríwá Amẹ́ríkà, tó ga ju ilé alájà èyíkéyìí ní Downtown lọ. Yìnyín ọ̀hún kò dé Texas rí, àmọ́ òun ló gbẹ́ etí omi Texas. Omi òkun ló kúkú lọ di yìnyín, nítorí náà òkun fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá kúrò ní Galveston nígbà náà á fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mélòó kan, níbi tí ọkọ̀ epo ń gbà kọjá lónìí, kó tó fojú kan omi. Koríko ni gbogbo ibẹ̀, erin onírun gígùn ń jẹ káàkiri. Àwọn odò ń lépa òkun tó sá lọ, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ wọnú bí wọ́n ṣe ń lọ, títí wọ́n fi la àfonífojì jíjìn. Nígbà tó yá, ayé móoru, yìnyín yọ́, òkun padà wá. Ó wọnú àfonífojì yẹn, ó kún un.

"Odò tó rì sómi ni ọ̀sà yẹn, Bàbá," ni ó wí. "Ilẹ̀ òkè tó yí i ká, amọ̀ líle ni, ó ti wà níbẹ̀ kí òtútù náà tó dé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rírẹlẹ̀ etí omi, ẹrẹ̀ àti ìkarahun ni, òkun ló kó o wá. Òkun ṣì ń bọ̀ o. Àwọn èèyàn tún ń fa omi lábẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ náà ń rì. Ìjì ọjọ́sí gbé etí omi sẹ́yìn tó fífẹ̀ ojú pópó láwọn ibì kan. Bí ẹ bá ti sanwó síbẹ̀, ẹ tètè lọ gbà á padà."

Ó rẹ́rìn-ín. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan ibi ilẹ̀ rírẹlẹ̀ lórí máàpù náà.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, Hajarat," ni ó wí.

Ìgbà náà ni ó yé e. Ó jókòó. Ó béèrè bóyá omi ti débẹ̀. Alhaji ní kò tíì dé ibojì náà, àmọ́ ó ti gbé ọgbà ibẹ̀ lọ, igi méjì sì ti ṣubú sínú omi. Ó wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ń wá ibi tí àwọn máa gbé ọmọ náà sí, ọ̀kan nínú àwọn àgbà sọ pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé e sí ibi tí á ti máa gbọ́ ìró omi bí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ṣe ń gbọ́ ọ. Ó dùn mọ́ gbogbo wọn nínú. Wọ́n gba ilẹ̀ kékeré lọ́wọ́ òyìnbó àgbàlagbà kan tó ní ibi ìsìnkú níbẹ̀.

Inú bí Hajarat. Ó bí i débi pé kò lè wo ojú bàbá náà. Ó ti gbẹ́ ilẹ̀ ní etí omi yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ta ló mọ̀ bóyá ó ti gbé páìpù kọjá nítòsí ọmọ rẹ̀! Bí wọ́n bá ti bi í léèrè lọ́jọ́ náà, gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ, ọmọ náà ì bá wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bi ìyá ọlọ́fọ̀ léèrè ibi tí wọ́n máa sin ọmọ rẹ̀ sí? Bí ó ṣe rò ó débẹ̀, ìbínú náà fi í sílẹ̀, ó wá ku ẹkún, kò sì sun ún.

Alhaji ní ìmáàmù ti sọ pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ omi ló ń bọ̀, àwọn lè gbé e kúrò. Àwọn ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ibi tí àwọn máa gbé e lọ ni àwọn kò mọ̀, àwọn kò sì fẹ́ ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti tó oṣù kan tí òun ti ń gbèrò láti wá.

"Bí mo bá yan ibẹ̀ fún yín, mo mọ ibẹ̀ nìyẹn," ni Hajarat wí.

"Ohun tó ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ nìyẹn," ni Alhaji dáhùn.

Hajarat mú pẹ́ńsù pupa, ó fa ìlà kan tó gbòòrò gan-an yí ilẹ̀ òkè ká lórí máàpù, ilẹ̀ tí èèyàn á wakọ̀ pẹ́ kó tó já òdìkejì rẹ̀. Ó ní ibi tó bá wù wọ́n nínú ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dára. Kí wọ́n má sọ fún òun, kí Moshood má tilẹ̀ gbọ́ rárá. Ó ká máàpù náà, ó sì nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà, kò lè lọ sí etí ọ̀sà. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ara òun kò yá, ó sì dúró sí ilé iṣẹ́, ó ń fọ ìkarahun. Bí Moshood bá bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, á ní orí ló ń fọ́ òun. Lóru, ó máa ń gbàdúrà kí òjò má rọ̀.

Òjò rọ̀. Ní ọ̀sán Sunday kan, bí ó ti ń dá díẹ̀díẹ̀, Alhaji Ládépọ̀ kan ilẹ̀kùn. Moshood ń sùn nínú yàrá lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Alhaji bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ó ṣe máa ń ṣe, ó wọlé, ó sì sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Ó ti parí. A kírun síbẹ̀. Ibẹ̀ ga, ó sì gbẹ."

Hajarat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ tọkàntọkàn, nítorí ohun tí ó ti wúwo láyà rẹ̀ fúyẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló wà tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Amọ̀ pupa ló wà lára rẹ̀, tí iyanrìn funfun kíkúnná lẹ̀ mọ́. Amọ̀ dúdú ló kún inú ìlà pupa tó fà lórí máàpù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àyàfi ibì kan ṣoṣo tó jẹ́ amọ̀ pupa àti iyanrìn funfun. Òkè gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ etí òkun láyé àtijọ́, kí òtútù tó dé, kí òkun tó sá lọ. Hajarat fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó mọ igi tó wà níbẹ̀. Ó mọ ibi tí èèyàn ti ń yà sí i.

Alhaji rí ibi tí ó ń wò, ó sì wo bàtà náà. Ó wá rántí iṣẹ́ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Dákun, Hajarat. Má wò ó."

"Mi ò wo nǹkan kan, Bàbá," ni ó dáhùn.

Ó dìde, ó gbé bàtà náà lọ sí ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi, ó sì ń fi ọwọ́ lásán fọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe kí ó má bàa mọ̀, òun náà ti ṣe é, ó sì ti mọ̀. Omi pupa ń ṣàn lọ, iyanrìn funfun kù sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló bọ́ báyìí, kò sì gbìyànjú láti dá a dúró.

Moshood jí, ó sì béèrè láti inú yàrá pé kí ló dé.

"Alhaji ló wá," ni ó dáhùn. "Mo ń bá wọn fọ bàtà."

Ó pa ọwọ́ dé mọ́ iyanrìn náà. Kò ní lọ síbẹ̀ láéláé.