Ogójì Gíláàsì, Ẹ̀jẹ̀ Ẹnìkan

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú Àwòdì kì í ṣe ẹni tí nǹkan tètè máa ń rí lára. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà ní ilé ìwádìí ibà, tó ń fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rà sára gíláàsì pẹlẹbẹ. Á wo ẹ̀jẹ̀, á wo itọ̀, á wo ìgbẹ́, á sì fọ ọwọ́ lọ jẹun ọ̀sán láìrojú.

Lọ́dún náà, ìwádìí kan wà nílẹ̀ lórí ogójì èèyàn tí ibà ń ṣe ní abúlé kan lódìkejì odò. Wọ́n fẹ́ fún wọn ní oògùn ibà tí aráyé ti ń lò tipẹ́, kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn náà ṣì ń pa kòkòrò, tàbí kòkòrò ti borí rẹ̀. Ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Agbẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn lọ, òun náà ló ń gba ẹ̀jẹ̀ bọ̀. Ọlọ́yàyà ni. Tó bá kí ọ láàárọ̀, wàá rò pé ìwọ lo bí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ojú Àwòdì rí aràn kan, tín-ín-rín bí òwú, láàárín àwọn kòkòrò ibà. Kò yà á lẹ́nu. Ibà àti aràn lè jọ wà lára ẹnìkan. Ó mú gíláàsì kejì, aràn. Ó mú ìkẹta, aràn náà tún nìyẹn. Ó wò ó dé ogójì, kò sí ọ̀kan tí aràn kò sí nínú rẹ̀. Ó kó ti ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá jáde. Aràn wà níbẹ̀ bákan náà. Òun ló ti fojú fò ó, torí kòkòrò ibà nìkan ni wọ́n ní kó kà. Orúkọ ọmọdé, orúkọ arúgbó, orúkọ aboyún, gbogbo rẹ̀ ló wà lára gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

Ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwádìí náà. Ọ̀gá ń fi abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n fi ń gún aláìsàn níka tayín.

"Ogójì èèyàn lo oògùn, ibà ò lọ lára ẹyọ kan," ni ọ̀gá wí, ẹ̀rín ń ṣẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé o mọ ibi tí ìròyìn yẹn máa gbé wa dé?"

"Ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ni, sà. Aràn kan náà ló wà nínú gbogbo ẹ̀."

"Aràn ò sí nínú ìwádìí wa."

"Tí a bá kọ ọ́ pé oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn ò ní máa fi tọ́jú aláìsàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ a ò mọ̀ bóyá ẹnì kankan tiẹ̀ lò ó."

Ọ̀gá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó wo ṣónṣó rẹ̀, ó tún fi bọ ẹnu. "Kòkòrò ibà la ní kó o kà. Lọ kà á."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gba ilé Agbẹ̀jẹ̀ lọ. Kò bá a nílé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló bá, ìyá arúgbó kan tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá, tó ń gbọ̀n nínú oòrùn gangan. Nígbà tí ìyá na ọwọ́ láti kí i, Ojú Àwòdì rí àwọn ìka náà. Gbogbo ṣónṣó wọn ló ti wú, tó dúdú, tó rí jágajàga bí iṣu tí èkúté jẹ.

"Ta ló ṣe yín báyìí, Màmá?"

"Ọkọ ọmọ mi ló ń tọ́jú mi," ni ìyá dáhùn. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ lòun ń fà dànù. Ọlọ́run á ṣe é lóore."

"Oògùn ńkọ́?"

"Ó ní ó ń bọ̀ lọ́nà."

Abẹ́ ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ni àwọn páálí oògùn náà wà. Òjò ti rin wọ́n, wọ́n ti bu, aáyán ti yàgbẹ́ sí wọn lórí. Àmì ilé ìwádìí ṣì wà lára wọn.

Ibẹ̀ ni Agbẹ̀jẹ̀ wọlé bá a. Ojú kò tì í rárá.

"Àǹtí, odò yẹn kún. Ta ló fẹ́ kú sómi torí ìka ẹlòmíì? Ẹ̀jẹ̀ ṣáà ni ẹ̀jẹ̀."

"Ìyá ìyàwó ẹ ni."

"Òun ló sún mọ́ mi jù," ni Agbẹ̀jẹ̀ wí, ó sì fọwọ́ gbá a léjìká, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣawo.

Ojú Àwòdì sáré jáde, ó sì bì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó tán, ó nu ẹnu, ó padà wọlé, ó gbé ìyá pọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn àtijọ́ náà gan-an ni wọ́n fún un. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá jókòó, ó béèrè oúnjẹ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, kò sí kòkòrò ibà kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ojú Àwòdì kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn, ó di àwọn gíláàsì mọ́ ọn. Wọ́n lé Agbẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá ní tirẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì yìn ín pé òun ló tètè tú àṣírí náà. Ojú Àwòdì ka ìwé ìyìn yẹn lára ògiri, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí odò fà, òun fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gbé oògùn tuntun dání. Nínú ogójì orúkọ, ó bá mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin, ibà ló pa á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ojú Àwòdì fi ka kòkòrò sábẹ́ orúkọ rẹ̀, tó fi bírò kọ iye rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i.

Kò fi pamọ́ fún ìyá ọmọ náà. Ó jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí òun fojú fò. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó tutọ́ sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú Àwòdì kò gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Obìnrin náà dìde, ó wọlé, ó sì gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kejì jáde, ara ọmọ náà gbóná janjan.

"Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ tèyí," ló wí. "Níṣojú mi lẹ ti máa gbà á. Oògùn náà, níṣojú mi ló ti máa gbé e mì."